Bàbá, Sátẹ́láìtì Kò Rí Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Wa

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Inú ń bí mi. N kò ní fi í pamọ́ fún yín, nítorí tí mo bá ní kí n kọ́kọ́ máa kí yín ní àkítúnkí kí n tó sọ ohun tó gbé mi wá, ẹ ó mọ̀ pé ẹ̀tàn ni. Ẹ̀yin fúnra yín kì í fẹ́ kí èèyàn máa yí ọ̀rọ̀ po. Tí oníbàárà bá wọ ṣọ́ọ̀bù yín ní ọjà Okaishie ní Accra tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìyàwó, tó béèrè ọmọ, tó béèrè àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ó kàn na ọwọ́ sí i pé kó mú gílóòbù tó jó wá kí ẹ wò ó. Ó dáa. Mo mú gílóòbù tó jó wá. Ẹ wò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi Múdà ló fa wàhálà yìí, ọmọ yín ọkùnrin tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù yín báyìí. Ọ̀gá mi náà fa díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin náà fa púpọ̀, ẹ má rò pé mo yọ yín sílẹ̀. Èmi gan-an fa èyí tó kù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, nítorí ẹ kò fi ìgbà kankan gbọ́ ọ tán.

Ìgbà kan ṣoṣo ni mo ráyè ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Mo ṣì wà ní yunifásítì nígbà náà. Ẹ jókòó sórí ìdì wáyà, ẹ ń jẹ wáakyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà, nínú ewé, ẹ ń fi ìka ṣa ègé ẹran jáde bí ẹ ti máa ń ṣe, kí ẹ lè fi jẹ òkèlè ìkẹyìn. Mo ní sátẹ́láìtì kan wà tó ń kọjá lókè wa lójoojúmọ́, ní ọ̀sán, tó ń wo ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó bá ilẹ̀ tó sì ta padà sókè. Mo ní gáàsì kan wà tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́kisáìdì. Ibikíbi tí nǹkan bá ti ń jó tí afẹ́fẹ́ kò tó o ló ti ń jáde: nínú èédú, nínú igbó tí wọ́n ń sun ní òkè àríwá, nínú ẹ́ńjìnnì trótró, ọkọ̀ akérò wa. Tí ìmọ́lẹ̀ bá gba àárín rẹ̀ kọjá, ó máa ń gbé díẹ̀ mì nínú rẹ̀, nínú apá ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò lè rí. Ohun tó bá dín nínú ìmọ́lẹ̀ náà ni sátẹ́láìtì fi ń mọ bí gáàsì yẹn ṣe pọ̀ tó, láti ilẹ̀ títí dé òkè sánmọ̀. Ẹ gbọ́ mi dé òpin. Ẹ nu ẹnu. Ẹ béèrè bóyá gáàsì náà ń rùn. Mo ní kò rùn, kò ní àwọ̀, kò ta lẹ́nu. Ẹ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé yín.

“Ohun tí ẹni tó jókòó tì í kò lè gbọ́ òórùn rẹ̀, òun ni ẹ̀rọ tó wà lókè fẹ́ rí?”

Inú bí mi díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo rò pé ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ní báyìí tí mo tún ọ̀rọ̀ yẹn gbé yẹ̀ wò, inú ń bí mi jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀yin lẹ jàre.

Iṣẹ́ náà ni mo ṣì ń ṣe. Mo jókòó nínú ọ́fíìsì tó tutù, mò ń wo àwòrán Ghana tí wọ́n pín sí ojú kéékèèké bí àwọ̀n, ojú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Bàbá, iṣẹ́ náà lè mú èèyàn fa irun orí ara rẹ̀ tu. Tí òjò bá dé, ìkùukùu á bo gbogbo ilẹ̀, sátẹ́láìtì kò ní rí nǹkan kan, mo lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí n má rí nọ́ńbà kan ṣoṣo. Tí ọyẹ́ bá dé, èéfín igbó á rọ́ wá láti àríwá, gbogbo àwòrán á pọ́n bí ata, àwọn tó ń gba ìwé lọ́wọ́ wa á sì ní ẹ̀bi àwọn awakọ̀ trótró ni. Èyí tó wá burú jù ni pé ojú àwọ̀n kan ṣoṣo ló gba àwọn àdúgbò Accra bíi Nima, Kanda, Newtown àti Circle pọ̀, nọ́ńbà kan ṣoṣo fún gbogbo wọn. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn da ọbẹ̀ ogún ilé pọ̀ sínú ìkòkò kan, tó wá tọ́ ọ wò, tó ní iyọ̀ ilé Alhaji kò dùn.

Nítorí èyí ni ọ́fíìsì wa ṣe gba àwọn ẹ̀rọ kéékèèké kan, tí kò ju abọ́ oúnjẹ ọmọ ilé ìwé lọ. Ẹ̀rọ yìí ń wọn gáàsì náà nílẹ̀ níhìn-ín, ó sì ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí wa gba orí fóònù, kí a lè fi wé ohun tí sátẹ́láìtì rí láti òkè. Wọ́n ní kí n wá ibi tí a ó fi ọ̀kan sí ní Nima. Mo ní kò sí wàhálà, ilé bàbá mi wà níbẹ̀. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn.

Èmi fúnra mi ni mo gun òrùlé. Mo so ẹ̀rọ náà mọ́ òpó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo pe Ẹ̀gbọ́n Múdà, mo pe Ràmá ìyàwó rẹ̀, mo pe Màámi, mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan án. Ẹ̀gbọ́n Múdà gbé ọwọ́ lé àyà, ó búra. Ẹ mọ bí ó ṣe máa ń búra.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá, gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. Nọ́ńbà á gòkè ní àárọ̀ nígbà tí àwọn ìyá bá ń tan èédú tí trótró sì tò sí títì, á rọ̀ wálẹ̀ ní ọ̀sán. Inú mi dùn. Lẹ́yìn náà ni òjò bẹ̀rẹ̀, iná ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Láti ìgbà yẹn ni nọ́ńbà Nima ti ya wèrè. Á wà jẹ́ẹ́, lójijì á fò sókè bí ẹni tí kòkòrò ta, á dúró sókè fún wákàtí méjì, mẹ́ta, á tún já wálẹ̀. Ní gbogbo àsìkò náà, sátẹ́láìtì kò rí nǹkan kan. Bí kì í bá ṣe ìkùukùu, á jẹ́ pé ó fi hàn pé ojú sánmọ̀ Accra wà bó ṣe wà.

Ọ̀gá mi, ọmọ Kumasi ni, èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn kí ìlà lórí ìwé rẹ̀ gún bí okùn. Ó wá dúró lẹ́yìn àga mi.

“Chale, ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rọ rẹ yìí ti bàjẹ́.”

Mo ní kò bàjẹ́, mo dán an wò kí n tó gbé e lọ.

“Ta wá ni kí n gbà gbọ́? Sátẹ́láìtì, àbí òrùlé ilé bàbá rẹ?”

Mo fóònù Ẹ̀gbọ́n Múdà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ẹ̀rọ yẹn?”

“Ó wà ní àlàáfíà.”

“Ṣé ẹnì kankan ò fọwọ́ kàn án?”

“Mo ní ó wà ní àlàáfíà. Háà! Ṣé ẹyin adìẹ ni?”

Ìgbà mẹ́ta ni mo fóònù. Mo béèrè bóyá ẹnì kan ń dáná lábẹ́ òpó náà. Mo béèrè bóyá àwọn aládùúgbò ń sun wáyà. Ó ní tí àárò ilé bá ń sọ mí, kí n gbé ẹsẹ̀ wá sílé, kí n yé fi ẹ̀rọ bojú. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, Bàbá. Láti ibi tí mò ń gbé ní Madina dé Nima kò jìnnà, síbẹ̀ ó ti ju oṣù kan lọ tí mo ti dé ọ̀dọ̀ Màámi gbẹ̀yìn. Mò ń wo ilé wa láti ojú sánmọ̀ lójoojúmọ́, n kò sì wọ inú rẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni Ràmá pè mí pé orí ń fọ́ Màámi, pé ó ti di lemọ́lemọ́. Ó ní òun náà, èébì ń gbé òun. Ó sọ èyí kejì pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní Màámi nìkan ló mọ̀, kí n má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọdún kẹfà rèé tó ti ń retí ọmọ. Inú mi dùn dé ibi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lórí fóònù. Nípa ti Màámi, mo ní kí ó fún un ní omi púpọ̀ àti parasitamọ́ọ̀lù méjì.

Parasitamọ́ọ̀lù, Bàbá. Mo tún sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n máa bọ̀ lórí ìyẹn.

Ọ̀gá mi wá sọ fún mi ní ọjọ́ Jímọ̀ kan pé bí ó bá di Mọ́ńdè tí n kò tíì mọ ohun tó ṣe ẹ̀rọ Nima, òun yóò pa gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́, láti ọjọ́ kìíní. Inú bí mi, mo gbé báàgì mi, mo wọ trótró. Òjò ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń dà á láti inú garawa. Mo fi ẹsẹ̀ la ẹrẹ̀ kọjá láti ojú títì dé ẹnu géètì wa. Iná kò sí ní gbogbo àdúgbò. Mo gbọ́ jẹnẹrétọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ilé kejì ni, àfi ìgbà tí mo fọwọ́ kan ilẹ̀kùn wa tí mo rí i pé ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ ń gbọ̀n.

Mo ṣí i. Jẹnẹrétọ̀ wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní ìkángun, lẹ́bàá ilé ìdáná, ó ń ké. Wọ́n gbé e wọlé kí òjò má baà pa á. Lókè ẹnu ọ̀nà Màámi, lórí ìṣó tuntun tí wọ́n kàn dáadáa, ni ẹ̀rọ mi wà. Ó mọ́ tónítóní. Wọ́n fi ọ̀rá dé e lórí bí fìlà. Iná pupa rẹ̀ ń ṣẹ́jú.

Ẹ̀gbọ́n Múdà jáde láti inú yàrá rẹ̀, ó ń yọ̀.

“Ṣé o ti rí i báyìí? Mo ní ó wà ní àlàáfíà. Òjò ìbá ti bà á jẹ́ lórí òrùlé yẹn, mo bá bá ọ gbé e wọlé. Mò ń nù ún láràárọ̀.”

Ojú ń tì mí láti kọ ohun tí mo ṣe tẹ̀lé e. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo nípa iṣẹ́ mi. Mo ní ó ti bá mi ba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ́. Mo ní orí òrùlé ni mo wí, orí òrùlé, kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní mo ti jà fún ẹ̀rọ yìí lójú ọ̀gá mi bí ẹni ń jà fún ọmọ rẹ̀. Mò ń pariwo nípa sátẹ́láìtì, Bàbá, nínú afẹ́fẹ́ yẹn, pẹ̀lú ilẹ̀kùn tó ti tì padà lẹ́yìn mi. Ẹ̀gbọ́n náà ń pariwo padà pé n kò moore. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo ju àwa méjèèjì lọ. Orí mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì, kì, kì.

Mo yọ fóònù láti fi nọ́ńbà rẹ̀ hàn án, kí n fi bí ó ṣe bà á jẹ́ tó hàn án. Nọ́ńbà tí mo rí ni èyí tí mo ti ń rí ní ọ́fíìsì láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí mò ń pè ní ìdọ̀tí, tí ọ̀gá mi fẹ́ pa rẹ́. Mo wò ó. Mo wo ilẹ̀kùn Màámi tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò ṣì nọ́ńbà kankan kọ rí. Ohun tí ìyá mi ń mí sínú ló ń kọ ránṣẹ́ sí mi ní ọ́fíìsì, láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èmi sì ń bá a jiyàn.

Mo pa jẹnẹrétọ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn iwájú àti tẹ̀yìn. Màámi wà lórí ẹní, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ là díẹ̀ ṣùgbọ́n kò dá mi lóhùn nígbà tí mo kọ́kọ́ pè é. Ràmá jókòó sílẹ̀ nínú ilé ìdáná, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ní ẹsẹ̀ òun kò gbé òun. Ẹ̀gbọ́n gbé Màámi, mo fa Ràmá, a gbé wọn bọ́ sí abẹ́ páànù aládùúgbò, òjò ń ta sí wa lára. Ibẹ̀ ni Màámi ti jí dáadáa, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sì bá mi sọ lẹ́yìn oṣù kan ni:

“Ṣé o fẹ́ kí òtútù pa mí ni?”

A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sí wọn nímú. Dókítà ní a kò pẹ́ jù. Ó ní gáàsì yìí máa ń gba àyè ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, á jókòó pa síbẹ̀ bí ayálégbé tó kọ̀ láti kó jáde. Mo ní mo mọ̀. Ó ní ó dáa pé mo mọ̀. Bàbá, n kò mọ ibi tí mo lè gbé ojú mi sí. Wọ́n yẹ Ràmá wò, kò lóyún. Gáàsì ló ń mú un bì. Ó gbọ́ ọ, ó yí ojú sí ògiri, ó sì fi ìborí bo orí rẹ̀. Màámi ti ra aṣọ òtútù ọmọ sílẹ̀, àwọ̀ ewé méjì. Kí ni èèyàn ń sọ fún ẹni tí wọ́n bá gba oyún tí kò ní lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀rọ̀ ìtùnú sọ nínú ilé wa, ẹ ò wá sí níbẹ̀.

Lẹ́bàá ibùsùn Màámi ni ìjà wa ti dé ojú ẹ̀. Mo ní kí Ẹ̀gbọ́n ta jẹnẹrétọ̀ yẹn kó kúrò nílé. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹ̀rù ti bà á, ó sì ń gbèjà ara rẹ̀, ó kàn la ẹnu:

“Kí ló ṣe jẹnẹrétọ̀? Jẹnẹrétọ̀ Bàbá ni. Òun náà ni Bàbá ń lò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni Bàbá máa ń gbé e sí, kò sì ṣe...”

Ó gbọ́ ohun tó ń sọ. Gbogbo wa gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Sátidé tí ẹ fi wá sílẹ̀ ṣe rí fún yín, nítorí ẹ kò sí níbẹ̀ láti rí ìparí rẹ̀. Ìgbà dúmsọ̀ ni, tí iná ń lọ tó ń bọ̀ bí ẹni ń ṣẹ́jú. Ẹ ti rán Ẹ̀gbọ́n Múdà lọ sí ọjà Odawna. Ẹ tan jẹnẹrétọ̀, ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀ tóóró tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, láàárín ṣọ́ọ̀bù àti ògiri, ẹ sì fa ilẹ̀kùn irin iwájú sí ìdajì, nítorí ọjà kò yá. Ẹ tẹ́ páálí sílẹ̀ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n padà dé, epo ti tán nínú jẹnẹrétọ̀, ó ti kú fúnra rẹ̀, gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Ó rò pé ẹ ń sùn. Ó tilẹ̀ rọra ń rìn kí ó má baà jí yín. Ìwé tí wọ́n kọ fún wa ní ilé ìwòsàn sọ pé ọkàn yín ló dúró. Ọkàn òkú wo ni kò dúró? Àwọn àgbà ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì a kírun sí yín lára, a sì gbé yín lọ.

Ẹnikẹ́ni kò yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, n kò sì lè fi ẹ̀rí kankan hàn títí láé. Ṣùgbọ́n mo mọ̀. Mo ti mọ̀ tipẹ́, mo kàn ń wo ibòmíràn ni. Mo sì sọ ọ́ níbẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́, kí gbogbo wọn gbọ́:

“Jẹnẹrétọ̀ yẹn ló pa Bàbá.”

Màámi yọ ohun tí wọ́n fi sí i nímú.

“Ọlọ́run ló pa á. Ta ni ìwọ? Ṣé o fẹ́ sọ pé ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ ni? Jáde.”

Mo jáde. Ẹ̀gbọ́n Múdà ti jáde ṣáájú mi. Kò dúró dè mí.

Ẹ̀yin wá ńkọ́, Bàbá? Ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá jà jù. Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń tẹ̀lé oníbàárà tó bá ra jẹnẹrétọ̀ dé ojú títì, tí ẹ ó máa sọ ọ́ fún un ní Hausa, kí ẹ tún un sọ ní Ga, pé síta ni kí ó gbé e sí, síta, èéfín rẹ̀ kò dára! Mo gbọ́ ọ létí mi láìmọye ìgbà. Kí ló dé tí ẹ̀yin kò jẹ́ oníbàárà ara yín lọ́jọ́ kan? Ṣé olè lẹ bẹ̀rù ni? Ṣé nítorí pé ará ọjà ń ráhùn ariwo ni? Ṣé ẹ rò pé ohun tó lè pa ọmọ ẹlòmíràn kò lè rí bàbá wa gbé ṣe?

Orí máa ń fọ́ yín nígbà náà. Gbogbo ọjọ́ tí iná bá lọ ni, àfi ọjọ́ Jímọ̀ tí ẹ máa ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ sí mọ́sáláṣí. N kò kíyè sí i. Ọmọ yín tó mọ bí gáàsì ṣe pọ̀ tó lórí ilẹ̀ láti Dakar dé Calabar kò kíyè sí pé orí kì í fọ́ bàbá òun ní ọjọ́ Jímọ̀. Èmi ni mo máa ń yà ní ilé oògùn tí mo bá ń bọ̀ láti kíláàsì. Mo ra parasitamọ́ọ̀lù fún yín. Ẹ máa ń gbé e mì láìlo omi, ẹ ó sì súre fún mi pé ojú mi kò ní rí ibi. Èyí gan-an ni kò jẹ́ kí n lè bínú sí yín kó dé ìdí. Tí mo bá bínú dé ìdajì, ó kàn ń yí padà sí mi.

Ní Mọ́ńdè mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá mi. Ó fa àga, ó jókòó tì mí. Síbẹ̀ ó ní nọ́ńbà inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò lè wà nínú ìwé tó ń sọ̀rọ̀ nípa ojú sánmọ̀. A jiyàn títí, mo gbà, nítorí òótọ́ ló sọ: a kò lè fi inú ilé wé ojú sánmọ̀. Ṣùgbọ́n mo ní kò gbọdọ̀ pa á rẹ́. Mo kọ ojú ìwé kan lọ́tọ̀, mo fi sí ẹ̀yìn, pé ní ọjọ́ tí sátẹ́láìtì ní kò séwu ní Nima, èyí ni ohun tí ẹ̀rọ kan rí nínú ilé kan, àwọn èèyàn mẹ́ta sì wà nínú ilé náà. Ó kà á, ó fọwọ́ sí i. Ó wá béèrè lọ́wọ́ mi, bí ẹni tí kò béèrè nǹkan pàtàkì, pé báwo ló ṣe yẹ kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé tó. Mo sọ fún un. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde síta, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó ń bá ìyá rẹ̀ jà ní Twi.

Ẹ̀gbọ́n Múdà kò gbé ìpè mi fún ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tí mo dé ilé, mo rí i pé ó ti fi páànù àti irin kọ́ ilé kékeré kan sí ìkángun àgbàlá, ó jìnnà sí gbogbo fèrèsé, ó ní òrùlé, ó ní ẹ̀wọ̀n àti àgádágodo. Ó gbé jẹnẹrétọ̀ síbẹ̀. Kò tọrọ àforíjì, èmi náà kò tọrọ. Ó kàn ní ẹ̀rọ mi ti padà sórí òrùlé. Mo wo òkè, mo rí i lórí òpó rẹ̀, ọ̀rá ṣì wà lórí rẹ̀. Mo gun òrùlé lọ yọ ọ̀rá. Kí ni mo tún fẹ́ bá a sọ? Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ó di àkàbà mú fún mi, kò sì tètè fi í sílẹ̀. Ó ní òun rìn ní ìrìn ẹ̀sọ̀ ní Sátidé yẹn kí òun má baà jí yín. Ó ní ká ní òun ti gbá ilẹ̀kùn yẹn bí òun ṣe máa ń gbá a ni, bóyá ẹ ìbá ti jí. Mo ní ẹ ti lọ kí ó tó dé. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀.

Màámi ni kò bá mi sọ̀rọ̀. Mo kí i, ó dáhùn bí ẹni ń dá àlejò lóhùn. Ó jókòó nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀kùn méjèèjì ṣí sílẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo jókòó tì í, mo bá a ṣa. A ṣà á títí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìsàlẹ̀ àwo. Láìgbé ojú sókè, ó ní:

“Gáàsì tí ò ń wí yẹn. Ṣé ó máa ń dun èèyàn?”

Mo béèrè ohun tó ní lọ́kàn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

“Láti ọjọ́ tí bàbá yín kú ni mo ti ń rò ó pé ó pariwo. Pé ó pè mí, ó pe Múdà, jẹnẹrétọ̀ ń ké, kò sí ẹni tó gbọ́. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá ti tan jẹnẹrétọ̀ nílé yìí, ohùn rẹ̀ ni mo máa ń gbọ́ nínú rẹ̀.”

Bàbá, gbogbo ọdún tí mo fi ka ìwé, gbogbo àwòrán sátẹ́láìtì yẹn, kò sí ọjọ́ kan tó wúlò fún mi bí ọjọ́ yẹn. Mo sọ fún un pé gáàsì náà kì í jẹ́ kí èèyàn mọ̀ pé ohun kan ń ṣe òun. Mo ní ẹni tó bá ti dùbúlẹ̀, oorun tó wà lójú rẹ̀ ló kàn ń jìn sí i, tí ń jìn sí i, kò ní fura, kò ní pe ẹnikẹ́ni. N kò sọ nípa orí fífọ́. N kò sọ nípa èébì.

“Oorun lásán?”

“Oorun ni, Màámi.”

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà. Ó ju òkúta kan síta gba ẹnu ọ̀nà.

“Ó fẹ́ràn oorun ọ̀sán,” ló wí.

Ṣé òótọ́ ni mo sọ fún un, Bàbá? Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n, ẹ kò sì ní sọ. Ìyẹn náà ń bí mi nínú. Mo kàn ń bẹ̀ yín, bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí, ẹ má ṣe wá tún un ṣe lójú àlá Màámi. Ẹ jẹ́ kó wà bí mo ṣe sọ ọ́.

Inú ṣì ń bí mi sí yín, mo sì fẹ́ràn yín.

Èmi ni,
Ọmọbìnrin yín tó ń ra oògùn orí fún yín.